Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Lánlátẹ̀: Báwo Ni Ọ̀nà Ṣe Jìn Tó?

Bí ìdílé kan ní Lánlátẹ̀ bá ń dá ọjọ́ ìnáwó lóde òní, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, ìbáà ṣe òkú àgbà, ìbéèrè kan wà tí kì í ṣàì jẹyọ kí ìpàdé tó tú: "Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ìgbà wo ni yóò wọlé?" Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ a sì yára dáhùn pé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ni ọkọ̀ òfuurufú ń lò láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, bí ó bá wọ ọkọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, yóò ti wà nílé kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó mọ́, àìsùn òkú yóò sì bá a nílé. Àwọn àgbà a mi orí. Wọ́n a gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n a dá ọjọ́.

Iye tí ọ̀dọ́ náà pè tọ̀nà. Láti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù dé pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni bí a bá fa okùn tààrà láti ọ̀kan dé èkejì, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ sì ni ọkọ̀ òfuurufú ńlá ń lò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni iye náà dáhùn. Ohun tí àwọn àgbà béèrè ni ìgbà tí ọmọ yóò wọ ilé. Ohun tí a sọ fún wọn ni àkókò tí ọkọ̀ yóò lò lójú òfuurufú. Àlàfo tó wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn yìí kò kéré. Òun ló ń mú kí àwọn ọmọ Ìbàràpá máa fi òru rin ọ̀nà tí àwọn òbí wọn kì í fi òru rìn, kí ojú má baà ti wọn níwájú àlejò.

Àwọn baba ńlá kò ka ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń sọ bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì láìmọ ẹni tó fẹ́ rìn, ohun tó rù, àti àkókò ọdún tó fẹ́ gbéra. Ìrìn ọjọ́ ni òǹkà. Wọ́n a ní, "Ìrìn ọjọ́ kan ni," tàbí, "Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni," tàbí, "Bí ẹ bá jáde ní ìdájí, oòrùn kò ní wọ̀ kí ẹ tó dé." Òǹkà yìí kó gbogbo ohun tó wà lójú ọ̀nà mọ́ra: odò tí a ó dúró dè kí ó fà, ibodè tí oníbodè yóò ti gba owó, ọjà tí a ó ti ra oúnjẹ, abúlé tí a ó ti tọrọ ilé sùn. Ẹni tó rẹrù kì í sábà rìn ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ lójúmọ́. Ìránṣẹ́ ọba tí kò rẹrù lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, ọ̀nà kan náà lè jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́rin fún alájàpá, kí ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì fún ìránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì pe èkejì ní òpùrọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè tó pa ọgbọ́n yìí mọ́. Ibùsọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí orúkọ tí àwọn ìwé ń pe máìlì kan, wọ́n sì ti ń fi ṣe ìṣirò láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn òyìnbó tó ri òkúta máìlì mọ́ ẹ̀bá títì, ibi tí aláàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ sinmi ni ibùsọ̀. Ọrùn tó ń dun ènìyàn ló fi ń wọn ọ̀nà. Níbi tí òkè bá ti ga, irú èyí tó yí àwọn ìlú Ìbàràpá ká, àwọn ibùsọ̀ a súnmọ́ ara wọn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú, wọn a jìnnà síra. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín òǹkà tó ń wo ilẹ̀ àti òǹkà tó ń wo ara ẹni tó ń rìn, kí ó wo inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Bí a ṣe ń gba onírìn-àjò wọlé bá òǹkà náà mu. "Ẹ kú ewu ọ̀nà" ni ìkíni àkọ́kọ́, nítorí a gbà pé ewu wà lọ́nà, a kì í sì í díbọ́n pé kò sí. Omi ni yóò tẹ̀lé e: omi mímu, àti omi tí yóò fi ṣan ẹsẹ̀. Oúnjẹ yóò tẹ̀lé omi. Ọmọlúàbí kì í béèrè iṣẹ́ tó gbé àlejò wá kí àlejò náà tó mí sílẹ̀, bí ọ̀ràn náà kò bá jẹ́ ti ikú tàbí ti ogun. Ìyẹn ni pé lójú àwọn àgbà, ìrìn-àjò kì í parí sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó di ìgbà tí ara bá tó bọ̀ sípò kí a tó sọ pé ènìyàn ti dé. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lónìí ní aago méje àárọ̀, tí a sì wọ aṣọ ẹbí fún un ní aago mẹ́jọ kí ó lọ jókòó níwájú àlejò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló tíì dé.

Ọkọ̀ ojú irin ló kọ́kọ́ ba òǹkà náà jẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, kò sì ya Ìbàràpá. Ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí Lánlátẹ̀ nígbà náà lè fi ọjọ́ kan dé Abẹ́òkúta, kí ó sì tún fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Àwọn tó ń lọ sí ìlú ọba wọ ọkọ̀ ojú omi. Èyí tí àwọn àgbà tó kàwé lókè òkun mọ̀ jù ni Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, tó sì ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá láti Liverpool dé Èkó. Ọdún 1974 ni ó ṣíwọ́ lórí ọ̀nà yìí, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí kò sí ẹni tó kà á sí nígbà náà: kò sí ìdílé tó lè ṣi ọjọ́ mẹ́tàlá kà sí ọjọ́ kan. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ọmọ wà lójú agbami, wọ́n sì ń dúró dè é.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjì ní iye kan ṣoṣo, tí a lè wò nínú ìwé. Kí wọ́n wo Èkó àti Ìbàdàn. Láti pápákọ̀ Ìkẹjà sí Ìbàdàn kò pé 120 kìlómítà bí ẹyẹ bá ń fò tààrà. Ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978 gùn tó 127.6 kìlómítà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ní irin tó gùn tó 157 kìlómítà, nítorí ó yà sí Abẹ́òkúta. Iye mẹ́ta rèé fún ìlú méjì kan náà, òótọ́ sì ni gbogbo wọn. Bí a bá sì ní kí awakọ̀ tó ti bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì sọ tirẹ̀, iye kẹrin yóò wà, wákàtí ni yóò sì fi kà á.

Bí ó bá rí báyìí láàárín Èkó àti Ìbàdàn, kí ni ká sọ ti Lọ́ńdọ̀nù àti Lánlátẹ̀?

Ohun ìyanu kan wà lórí àwòrán ilẹ̀ tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ní Ìbàràpá fi han àwọn ọmọ. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá Èkó gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣálẹ̀ Sàhárà àti òkun ló wà láàárín. Bí a bá mú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ya àwòrán ayé sí lára, tí a na òwú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù kí ó le dáadáa, òwú náà yóò gba orí ilẹ̀ Ìbàràpá kọjá, lẹ́bàá Igbó-Ọrà àti Ìdèrè, Lánlátẹ̀ yóò sì wà ní ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀. Awakọ̀ òfuurufú kì í rọ̀ mọ́ òwú náà ní gbogbo ìgbà. Ìjì, àṣẹ àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀, àti ìhà tí wọ́n fẹ́ kí ó ti balẹ̀ lè mú un yà. Síbẹ̀, bí ó bá tọ ọ̀nà tó kúrú jù, ọmọ Ìbàràpá tó ń bọ̀ láti ìlú ọba yóò kọ́kọ́ gba orí ilé baba rẹ̀ kọjá kí ó tó dé Èkó. Nǹkan bí 115 kìlómítà ni láti Lánlátẹ̀ dé Ìkẹjà lójú òfuurufú. Bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ti ń dẹ ìrìn nítorí pé ó fẹ́ balẹ̀, kò ní fi ogún ìṣẹ́jú gba ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn lórí ilẹ̀, láti lọ wá ibi tó ti kọjá lókè. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè gba márosẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí ó wá já sí Ẹlẹ́yẹlé, Ológunẹrú àti Ìdó, kí ó tó dé Erúwà àti Lánlátẹ̀. Ó sì lè gba Abẹ́òkúta, kí ó gba Igbó-Ọrà wọlé. Kò sí èyí tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé pé wákàtí mẹ́ta ni. Ọ̀nà Ìdó sí Erúwà ti jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn fún àwọn ará Ìbàràpá láti ọdún pípẹ́. Kò sí awakọ̀ ojú ọ̀nà náà tí kò mọ ohun tí kòtò ń ṣe sí ọkọ̀ àti sí ẹ̀yìn ènìyàn. Ogún ìṣẹ́jú lókè ti di wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún nílẹ̀, bí àwọn tó jókòó sí ìpàdé ìdílé kò bá tilẹ̀ kà á.

Kí a wá ṣe ìṣirò náà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé ní Peckham àti agbègbè rẹ̀ ní gúúsù ìlú náà. Heathrow sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó ru àpótí méjì yóò wá nǹkan bí wákàtí méjì láti ti ilé débẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí èrò tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lójú òfuurufú. Nǹkan bí wákàtí méjì ní Ìkẹjà, fún òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà, fún ìdúró de ẹrù, àti fún àwọn aṣọ́bodè. Wákàtí mẹ́rin sí Lánlátẹ̀ bí ọ̀nà bá dára sí wọn. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́tàdínlógún ààbọ̀. Kò ì jẹun, kò ì sùn, ọkọ̀ òfuurufú kò sì ì pẹ́ rárá. Ìrìn tó gba ojú òfuurufú kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ìrìn-àjò náà.

Aago tún ní ohun tó fẹ́ sọ. Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò òtútù wọn. Ní àkókò ooru wọn, aago méjèèjì a dọ́gba, nítorí àwọn òyìnbó a máa ti aago wọn síwájú. Oṣù Ọ̀pẹ, tí ìnáwó ń pọ̀ jù lọ ní Ìbàràpá, bọ́ sí àkókò òtútù. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, aago méjìlá ọ̀sán ni ní Èkó. Ọkọ̀ náà yóò dé Ìkẹjà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ní àkókò tí oòrùn ń wọ̀ gan-an. Nígbà tí èrò bá fi rí àpótí rẹ̀, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Ẹni tí ìdílé sọ pé yóò ti wà nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó gba òru lọ. (Ti àwọn tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà tún le jù bẹ́ẹ̀. New York jìnnà sí Èkó tó nǹkan bí 8,400 kìlómítà, ìyàtọ̀ aago wọn sì jẹ́ wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, tó fi jẹ́ pé ara wọn a máa pe ọ̀sán ní òru fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Afẹ́fẹ́ òkè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sì ń mú kí àlọ wọn pẹ́ ju àbọ̀ lọ.)

Báwo ni ènìyàn ṣe wá ń gbàgbé gbogbo èyí, tó fi jẹ́ pé wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nìkan ló ń kù lórí ahọ́n? Ohùn ló fa á, Lánlátẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ibùdó ìbánisọ̀rọ̀ kan sí Lánlátẹ̀, pẹ̀lú àwo ńlá tó kọjú sókè sí satẹ́láìtì, lábẹ́ ilé iṣẹ́ Nigerian External Telecommunications. Láti ibẹ̀ ni ohùn ọmọ Nàìjíríà ti ń fò lọ sí satẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà lókè, tí yóò sì tún sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú ọba tàbí Amẹ́ríkà. Ìrìn náà lé ní 70,000 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbà ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn jákèjádò ayé tó kàn sí Nàìjíríà nígbà náà ni ohùn wọn gba Lánlátẹ̀ kọjá láìmọ orúkọ ìlú náà. Lónìí, okùn abẹ́ òkun tó gúnlẹ̀ sí Èkó ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, fóònù alágbèéká sì wà lápò gbogbo ènìyàn, tó fi jẹ́ pé ìyá àgbà lè rí ojú ọmọ rẹ̀ ní Peckham kí ó sì bá a wí nítorí pé ó rù.

Láyé àtijọ́, yàtọ̀ sí ìlù tí ohùn rẹ̀ kì í rìn jìnnà, ìròyìn kò yára ju ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e lọ. Bí àrokò bá dé lónìí láti ibi tó jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, àgbàlagbà a mọ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni òun ń gbọ́, àti pé èsì kò lè padà débẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́rin mìíràn tó pé. Ohùn àti ara jọ ń rìn ni. Nísinsìnyí, ohùn ti fi ara sílẹ̀. Ẹni tí a gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yìí dà bí ẹni tó wà ní ìyẹ̀wù kejì, ó sì ṣòro fún ìyá tó rí ojú ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ láti gbà pé ọ̀sán òun òru ni ara rẹ̀ yóò fi dé.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a padà wo bí àṣà ṣe tọ́jú ọ̀rọ̀ jíjìnnà ọmọ nígbà ikú òbí. Ọ̀pọ̀ rò pé dídúró de ọmọ òkè òkun kí a tó sin òkú jẹ́ àṣà Yorùbá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí yàrá òtútù láyé ọjọ́un. Òkú kò lè dúró de ẹni tó wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá. A ó sin òkú kíákíá, nínú ilé, láàárín àwọn tó wà nítòsí. Ayẹyẹ ni a ń fi falẹ̀. Ìta òkú ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta, ìje ń bọ̀ ní ọjọ́ keje, ogójì ọjọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí àkọ́bí bá tilẹ̀ wà lájò, wọ́n lè fi ìnáwó ńlá sílẹ̀ dè é títí yóò fi dé, yóò sinmi, yóò sì wá ṣe ẹ̀tọ́ tirẹ̀ fún òbí. Ìsìnkú tẹ̀ lé ohun tí ilẹ̀ ń béèrè. Ayẹyẹ tẹ̀ lé ìrìn ẹsẹ̀ ọmọ. Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ṣì ń ṣe ohun tó súnmọ́ ọn: wọn a sin òkú ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì, ọmọ tó wà lókè òkun a sì bá wọn níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ láìsí pé ó sáré já ọrùn.

Yàrá òtútù ló yí i padà. Nígbà tí òkú ti lè dúró, a pa ìsìnkú àti ayẹyẹ pọ̀ sí ọjọ́ kan ṣoṣo, a tẹ káàdì, a gba onílù, a rán aṣọ, a sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ àkókò tí ọkọ̀ òfuurufú kan yóò balẹ̀. Bí ìkùukùu ọyẹ́ bá mú kí ojú ọ̀run ṣú ní Ìkẹjà, tí wọ́n sì darí ọkọ̀ náà sí ìlú mìíràn, gbogbo ètò a yẹ̀. Òkú àtijọ́ kò fún ẹnikẹ́ni ní irú wàhálà yìí. Ó dájú pé àwọn tó ń pe ètò òde òní ní ọ̀làjú kò tíì fi ọjọ́ kan dúró ní ẹnu géètì pápákọ̀ ní aago kan òru, kí wọ́n máa wo bí awakọ̀ ṣe ń tòògbé.

Kì í ṣe oorun awakọ̀ nìkan ni ewu náà. Ọ̀nà Ìbàràpá ní òru kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣeré láti ìgbà tí ìjínigbé ti di ohun tí a ń gbọ́ ní agbègbè náà, kò sì sí ará ibẹ̀ tó gbàgbé ìkọlù òru tó ṣẹlẹ̀ ní Ìgangan ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tó pa ènìyàn mọ́kànlá ó kéré tán. Àwọn tó gbé níbẹ̀ mọ àkókò tó yẹ kí ènìyàn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń ti òkèèrè bọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wà nílé ni ó yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n fún un. Ìdílé tó bá dá ọjọ́ lọ́nà tó fi jẹ́ pé òru nìkan ni ọmọ lè rìn, òun ló rán ọmọ náà sí òru.

Àwọn tó wà lókè òkun ní àwíjàre tiwọn. Ìsinmi tí ibi iṣẹ́ ń fún wọn kò pọ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba ọjọ́ mẹ́wàá lè ná mẹ́rin sí ìrìn àlọ àti àbọ̀. Owó ọkọ̀ ń gbówó lérí ní oṣù Ọ̀pẹ, ẹni tó bá sì rí ìjókòó tó dínwó ní Ọjọ́bọ̀ kò ní fẹ́ ra ti ọjọ́ Ajé ní ìlọ́po. Èyí jẹ́ òótọ́, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ṣùgbọ́n alẹ́ kan ni a ń béèrè. Kí ọmọ dé Èkó, kí ó sùn ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ ìbátan, kí ó gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó wọ Lánlátẹ̀ ní ojúmọmọ, kí ó sì tún sun ilé baba rẹ̀ mọ́jú kí a tó pè é síta. Ẹni tó bá fẹ́ dín alẹ́ kan kù, kí ó wá ọkọ̀ tó ń gbéra ní òru, tí yóò balẹ̀ ní Ìkẹjà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ó lè rin ọ̀nà ilẹ̀ ní ọ̀sán. Ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó balẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹni tó máa wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta balẹ̀ ní ọjọ́ Rú, ó pẹ́ tán ní Ọjọ́bọ̀.

Ọwọ́ àwọn olórí ìdílé ni èyí wà, àti àwọn ìjọ tó ń fọwọ́ sí ọjọ́ ìsìnkú, nítorí àwọn ni wọ́n ń sọ pé ọjọ́ ti dá. Àwọn olùkọ́ náà ní tiwọn láti ṣe. Ìṣirò tó ní kí ọmọ fi ìyára pín jíjìnnà kí ó lè mọ àkókò wà nínú gbogbo ìwé. Kí wọ́n fi ọ̀nà ìlú wọn kún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Lánlátẹ̀ wọn òwú láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó lórí àwòrán ayé, kí ó sì lọ bá awakọ̀ ní gáréèjì Erúwà kí ó béèrè iye wákàtí tó lò láti Èkó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ọjọ́ òjò àti ní ọjọ́ tí kò sí òjò. Kí ó bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè ibi tí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn sí Abẹ́òkúta ti ń sùn. Iye mẹ́ta tí yóò mú padà wá sí kíláàsì kò ní bára mu, olùkọ́ yóò sì ní ohun tí yóò fi kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ti ìpàdé ìdílé, ìbéèrè tí àwọn àgbà ń bi ẹni tó bá ní òun ń lọ sí ọ̀nà jíjìn ṣì wúlò, ó sì rọrùn láti bi lórí fóònù kí a tó tẹ káàdì. Wọn kì í béèrè iye wákàtí. Wọ́n ń béèrè pé, "Níbo lẹ óò sùn?" Bí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò bá tíì lè dárúkọ ilé kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn tí yóò ti sùn ní alẹ́ tó bá balẹ̀, ọjọ́ kò tíì dá.